Orí Keje: Igi Tí Yóò Fò

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Àkúrẹ́ wọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, tí ó rí òkè Olósùnta àti òkè Òrólé bí wọ́n ti nà gbọnrangandan lójú ọ̀run, tí ó sì kọjá lọ sí apá Ìsẹ̀ àti Emùré níbi tí oko kòkó ti ń pọ̀ sí i tí igbó sì ń dí sí i, kò ní í rìn jìnnà kí ó tó gbọ́ igbe ayùn sọ́mìlì lẹ́bàá títì. Nítorí pé ilẹ̀ igi ni ilẹ̀ náà, àwọn baba tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sì ti mọ igi ní orúkọ, wọ́n ti mọ̀ ọ́n ní ìwà, wọ́n ti mọ̀ ọ́n ní èèwọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó kó ìwé nípa igi wá ká fún ọmọ wọn. Síbẹ̀, nígbà tí ọmọdé ilẹ̀ yìí bá ń sunkún ọkọ̀ òfuurufú lákòókò ọdún, oníke ni a ń rà fún un lọ́jà, èyí tí apá rẹ̀ yóò ti dá kí ẹran ọdún tó tán nínú ìkòkò, bẹ́ẹ̀ ni àgékù pákó tí ó tó ṣe mẹ́wàá irú rẹ̀ ń jóná lábẹ́ ìkòkò náà gan-an.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní í sọ ní orí yìí kò gùn, bí àlàyé rẹ̀ tilẹ̀ gùn: ẹni tí ó bá lè mú kí ègé igi dúró déédéé lórí ìka méjì, láìtẹ̀ síwájú, láìtẹ̀ sẹ́yìn, ti mọ ìdajì ohun tí ń gbé bàálù ró lójú sánmà, ọmọ tí ó bá sì jókòó tì í nígbà tí ó ń ṣe é yóò rí ìdajì yòókù fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó bá kọ́kọ́ jù ú.

A kò lè sọ̀rọ̀ igi gbígbẹ́ ní ilẹ̀ yìí kí a fo Ọlọ́wẹ̀ dá. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni a bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1873, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀ ni ó gbé, ààfin Arínjálẹ̀ ti Ìsẹ̀ ni ó ti jẹ́ ẹmẹsẹ̀, Ìsẹ̀ náà ni orúkọ rẹ̀ sì so mọ́ títí di òní olónìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti papò dà láti ọdún 1938. Láàrin 1910 sí 1914 ni ọwọ́ rẹ̀ gbẹ́ àwọn òpó àti ilẹ̀kùn fún Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Lára ilẹ̀kùn náà ni ó gbẹ́ ọba sí lórí ìtẹ́ pẹ̀lú àwọn olorì rẹ̀, ó sì gbẹ́ òyìnbó ajẹ́lẹ̀ kan, Captain Ambrose, tí àwọn aláàárù fi àga gbé wá kí ọba. Nígbà tí a kó ilẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ ńlá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley ní ọdún 1924, ojú àwọn aláṣẹ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Lọ́ńdọ̀nù kò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ọba kò tà á fún wọn lówó, ìtẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ òyìnbó kàn ni ó gbà fi pààrọ̀ rẹ̀, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ òmíràn dípò rẹ̀ fún ààfin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí ohun kan níbẹ̀: ohun ìrìnnà ọlọ́lá tí Ọlọ́wẹ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí ní ìgbà tirẹ̀, èyíinì ni àga tí ènìyàn ń gbé lérí, ni ó gbẹ́ sára igi; àwọn agbẹ́gi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní apá Kétu àti Yewa náà sì ti gbé bàálù ka orí ère wọn. Nítorí náà, bí baba ọmọ kan ní Ìsẹ̀ lónìí bá mú àgékù pákó, tí ó sọ ọ́ di ọkọ̀ òfuurufú, kò ya àṣà rárá. Ó wà lójú ọ̀nà tí àwọn tí ó bí i lọ́mọ ti là.

Bákan náà ni ìmọ̀ ìwọ̀n tí iṣẹ́ yìí ń béèrè kì í ṣe àjèjì. Odidi igi kan ni a fi ń gbẹ́ ère Ẹpa tí wọ́n ń gbé jó ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì: ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ìkòkò, ni ẹlẹ́gùn ń fi orí bọ̀, òkè rẹ̀ sì lè jẹ́ jagunjagun lórí ẹṣin tàbí ìyá tí ọmọ yí ká, gbogbo rẹ̀ a sì máa wúwo nígbà mìíràn ju 20 kílógíráàmù lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá gbé e gbọ́dọ̀ fi ẹrù yìí lórí fò gun òkìtì tí a mọ síwájú rẹ̀. Bí orí ẹṣin bá wúwo ju ìdí ẹṣin lọ, ọrùn ọmọ ọlọ́mọ ni yóò san gbèsè rẹ̀; kò sì sí bí agbẹ́gi kò ṣe ní í máa bù díẹ̀ lẹ́yìn, kí ó máa fá díẹ̀ níwájú, títí gbogbo ìwọ̀n igi náà yóò fi gúnlẹ̀ sí àárín gbùngbùn orí ẹni tí yóò gbé e. Ìmọ̀ yìí gan-an ni a ó lò. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé orí ènìyàn ni ó gbé Ẹpa, afẹ́fẹ́ ni yóò sì gbé tiwa.

Igi ni a ó kọ́kọ́ yàn, ẹni tí ó bá sì ṣi igi yàn ti fi òwúrọ̀ ba alẹ́ rẹ̀ jẹ́. Bí a bá gé igi gbígbẹ sí àpótí tí ó jẹ́ mítà kan ní ìbú, mítà kan ní òró, mítà kan ní gíga, ìrókò tí ó kún àpótí náà yóò wọn nǹkan bí 650 kílógíráàmù, tíìkì kò ní í jìnnà sí i, ọ̀gànwó yóò wọn bíi 530, ṣùgbọ́n arère, igi gíga fíofío tí àwọn àgbà ìlà-pákó kì í fi bẹ́ẹ̀ bọ̀wọ̀ fún, kò ní í ju nǹkan bí 380 lọ. Àwọn òyìnbó tí ń ṣe bàálù ìṣeré a máa lo igi kan tí ń jẹ́ balsa, tí ó ti orílẹ̀-èdè Ecuador wá, èyí tí ó fúyẹ́ ju arère lọ púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan náà nínú wọn kì í fi arère ṣeré: wọ́n a máa là á sí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọn a sì fi í bo apá bàálù aláìlẹ́ńjìnnì wọn. Ohun tí ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ń fi dáná ni ọmọ Jámánì ń fi owó rà láti fi ṣe apá bàálù rẹ̀.

Arère ní àléébù tirẹ̀, n kò ní í fi pa mọ́. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là á, òórùn rẹ̀ kò dára. Bí a bá tò ó jọ ní tútù, àwọ̀ búlúù bíi ti ẹbu a bò ó, kòkòrò a sì máa lu ú. Kò le, èékánná lásán lè kọ ilà sí i lára. (Ewé igi yìí kan náà ni irú kòkòrò kan nínú àwọn tí ń hun sányán ń jẹ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe arère ní igi lásán lójú àwọn aláṣọ òkè.) Ṣùgbọ́n ó rọrùn láti gé, ó rọrùn láti fá, kì í là bí a ti ń kàn án, ó sì fúyẹ́, ìfúyẹ́ rẹ̀ ni ó sì bo gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ yòókù mọ́lẹ̀. Ní ti ìrókò, ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ fún ilẹ̀kùn. Àwọn àgbà wí pé kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, pé bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Mo lè fi kún un pé bí ó bá di apá bàálù, afẹ́fẹ́ náà kò ní í ká a.

Kí ẹnikẹ́ni má sì torí ìṣeré ọmọdé gé igi láàyè. Igbó ìjọba tí ó wà ní Ìsẹ̀, níbi tí ìwọ̀nba ìnàkí tí ó ṣẹ́ kù ní agbègbè náà ń fara pamọ́ sí, ti rí ayùn tí ó tó o; àgékù tí sọ́mìlì ń dà nù pọ̀ ju ohun tí gbogbo ọmọ Èkìtì lè fi ṣeré lọ. Èyí tí ó ti pẹ́ lábẹ́ òrùlé ni kí a béèrè, nítorí pé pákó tútù a máa lọ́ nígbà tí ó bá ń gbẹ, apá tí ó gún régé lóṣù kẹjọ a sì ti wọ́ bí ọ̀nà oko nígbà tí ọyẹ́ bá dé. Bí ó bá jẹ́ tútù ni a rí, kí a tò ó sí òkè àjà, kí a fi igi wẹ́wẹ́ sí àárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè gbà á kọjá, kí a sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ fún oṣù mélòó kan.

Kí a tó gbé ayùn, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń wá. Ẹ mú abẹ̀bẹ̀ kan dání lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ tẹ́ ẹ bẹẹrẹ, kí ẹ sì sáré: kò sí ohun tí yóò ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé etí iwájú rẹ̀ sókè díẹ̀, ẹ ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé nǹkan kan ń gbé e lọ sókè. Bí ẹ bá tún gbé e sókè jù, kò ní í lọ sókè mọ́, ṣe ni yóò máa fà yín sẹ́yìn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé abẹ̀bẹ̀ ti afẹ́fẹ́ sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ náà sì ti abẹ̀bẹ̀ sókè padà, nítorí pé kò sí ohun tí a ń tì tí kì í ti ni. Gbogbo iṣẹ́ apá bàálù nìyẹn, yálà bàálù ńlá tí ń sọ̀ sí pápákọ̀ Àkúrẹ́ ni o, yálà èyí tí a fẹ́ kàn lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohun mẹ́rin ni ó ń jà lára ọkọ̀ òfuurufú: ìwọ̀n rẹ̀ ń fà á sílẹ̀, apá ń gbé e sókè, ẹ́ńjìnnì ń tì í síwájú, afẹ́fẹ́ ń dí i lọ́nà. Tiwa kò ní ẹ́ńjìnnì. Ọwọ́ ọmọdé ni yóò kọ́kọ́ tì í, lẹ́yìn náà ni yóò máa ná gíga rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti fi ra ìrìn, títí gíga náà yóò fi tán tí yóò sì fi àyà kan koríko.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọgbọ́n yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1804, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, George Cayley, fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣe ara, ó fi apá sí iwájú, ó fi ìrù tí ó ṣeé yí sí ẹ̀yìn, ó sì jù ú láti orí òkè, bàálù gbogbo ayé kò sì tíì kúrò nínú àwòrán náà títí di ìsinsìnyí. Ní 1871 ni ọmọ Faransé kan, Alphonse Pénaud, fi rọ́bà lílọ́ yí abẹ̀bẹ̀ kékeré lẹ́yìn tirẹ̀, ó sì fò. Ohun ìṣeré mìíràn tí ó ti ọwọ́ Pénaud yìí jáde ni bàbá kan ní Amẹ́ríkà, tí í ṣe oníwàásù, rà wálé fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní 1878. Wilbur, ọmọ ọdún 11, àti Orville, ọmọ ọdún 7, fi í ṣeré títí ó fi bàjẹ́, wọ́n sì ṣe òmíràn fúnra wọn. Àwọn ọmọ méjì yìí náà ni wọ́n dàgbà di ẹni tí ń ṣe kẹ̀kẹ́ tà, tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ abẹ̀bẹ̀ onígi fún ọkọ̀ wọn, tí Orville sì fi ìṣẹ́jú àáyá 12 fò ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 120 ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá, ọdún 1903. Kò pé ọdún 22 lẹ́yìn náà tí bàálù fi balẹ̀ sí Kánò, ní 1925. Nígbà ogun Hitler pàápàá, tí irin wọ́n, àwọn kápẹ́ńtà tí ń kan àga àti tábìlì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a kó jọ láti kan bàálù ogun Mosquito, onígi láti imú dé ìrù, ó sì wà lára àwọn tí ó yára jù lọ nígbà náà.

Oríṣi méjì ni bàálù tí a ó ṣe, èyí àkọ́kọ́ kò sì ní í gbà wá lákòókò, nítorí pé kò ní í fò. Ti ọmọ ọwọ́ ni, ti ẹni tí ń ti nǹkan kiri ilẹ̀ tí ó sì ń fi ẹnu ké bí ẹ́ńjìnnì. Níbí ni igi líle ti wúlò: ọ̀gànwó tàbí tíìkì tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 25, tí ó nípọn ní 5, ni kí a fi ṣe ara, kí a gé ojú ihò sí i lábẹ́, kí a sì ti apá tí ó gùn ní 28 bọ̀ ọ́ títí yóò fi há. Kí a gé ẹsẹ̀ yíyípo láti ara igi ìgbálẹ̀ tàbí ẹ̀ka gbígbẹ, kí a fi ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe irin àárín rẹ̀, kí ihò ẹsẹ̀ náà sì fẹ̀ ju ọparun lọ ní bíńtín kí ó lè yí. Ìṣó kankan kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Èèkàn igi àti gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn kápẹ́ńtà ń lò ti tó. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 3 kì í fi ojú nìkan wo nǹkan, ẹnu ni ó fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí náà ohunkóhun tí ó bá lè yọ lára ọkọ̀ náà, tí ó sì kéré tó láti wọ ọ̀fun ọmọ, kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀ rárá.

Ní ti ọ̀dà, mo fẹ́ dúró díẹ̀. Ọ̀dà ilé kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé lórí ohun tí ọmọ yóò máa lá, nítorí pé òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà àtijọ́ àti nínú àwọn kan tí wọ́n ṣì ń tà, òjé kò sì ní ìwọ̀n kan tí ó dára fún ọpọlọ ọmọdé. Ohun tí ojú wa rí ní Ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010, nígbà tí eruku òjé láti inú òkúta wúrà tí wọ́n ń fọ́ lágbo ilé pa àwọn ọmọdé tí ó lé ní 400, ti tó láti jẹ́ kí àgbà máa ṣọ́ra. Àwọn ìyá wa ti fi osùn pa ọmọ tuntun lára láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Kí a po osùn mọ́ òróró tí a ń jẹ, kí a fi í kun apá, kí a nù ún gbẹ, yóò sì pọ́n fòò bí ẹni pé ilé ọba ni ó ti jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí a fi òjé àwọn apẹja tàbí ti inú bátìrì mọ́tò ṣe ìwọ̀n sí imú bàálù kejì tí mo fẹ́ sọ yìí, kí a má ṣe dá a lóhùn.

Bàálù kejì ni ojúlówó iṣẹ́, ti ọmọ tí ó ti tó ọdún 7 tàbí 8 lọ sókè, tí ó lè dúró ti àgbà lẹ́bàá tábìlì. Ọmọbìnrin ńkọ́? Kí ó wá o. Èmi kò rí ohun tí ayùn fi yàtọ̀ sí ọ̀bẹ ìdáná tí a ti kọ́ ọ láti dì mú.

Arère ni a ó lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí ara rẹ̀ gùn ní sẹ̀ǹtímítà 40, kí ó ga ní 2 níwájú, kí ó nípọn ní 1, kí a sì máa fá a tín-ín-rín lọ sí ìrù, nítorí pé gíráàmù kan tí a bá dín kù ní ìrù yóò dín mélòó kan kù ní imú. Kí apá gùn ní 45 láti orí dé orí, kí ó fẹ̀ ní 7, kí ó sì nípọn ní mìlímítà 3. Níbí ni ìṣirò igi tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan yóò ti san owó rẹ̀: apá yìí, bí ó bá jẹ́ arère, kò ní í ju nǹkan bí gíráàmù 36 lọ, bí ó bá sì jẹ́ ìrókò, yóò tó 61, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwọ̀n gbogbo bàálù wa lódindi. Kò sí sọ́mìlì tí yóò là á tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ fún wa. A ó mú pákó tí ó sún mọ́ ọn, a ó fi ìfági fá a, a ó sì fi sáńpépà parí rẹ̀. Kí ìlà ara igi náà gba gígùn apá lọ, kí ó má ṣe dábùú rẹ̀, nítorí pé apá tí ìlà rẹ̀ dábùú yóò ṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ bí igi gbígbẹ ṣáká. Kí a fá òkè etí iwájú kí ó yípo díẹ̀, kí a sì fá etí ẹ̀yìn kí ó tín-ín-rín dé ibi tí ó bá ṣeé ṣe láìdá.

Lẹ́yìn èyí ni ohun tí ó máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu: a ó gé apá tí ó ti dára tán yìí sí méjì láàrin. A ó fá ojú ibi tí a gé kí ó dagun díẹ̀, a ó sì lẹ̀ ẹ́ padà ní ọ̀nà tí orí apá kọ̀ọ̀kan yóò fi ga ju àárín lọ ní sẹ̀ǹtímítà 3. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹyẹ kì í fi apá kan fò, bàálù kò sì ní awakọ̀ tí yóò tún un ṣe bí ó bá dagun lójú afẹ́fẹ́. Bí ó bá tẹ̀ sí ọ̀tún, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ sí ọ̀tún, afẹ́fẹ́ yóò sì kọ lu apá ọ̀tún tí ó wà nísàlẹ̀ ju ti òsì lọ, yóò gbé e sókè, ọkọ̀ náà yóò sì tún ara rẹ̀ ṣe láìsí ẹni tí ó pàṣẹ fún un. Mo ti rí kápẹ́ńtà àgbà tí ó kọ̀ jálẹ̀ láti gé apá náà, nítorí pé ìyà pákó dídán ń jẹ ẹ́ lójú, ọkọ̀ rẹ̀ sì ń yí gbirigbiri bí ó ti kúrò lọ́wọ́.

Ìrù yóò gùn ní 16, yóò fẹ̀ ní 5, yóò nípọn ní mìlímítà kan àtààbọ̀, yóò sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Èyí tí yóò dúró lóòró lórí rẹ̀ yóò ga ní 6. Kí a lẹ apá mọ́ ara ní ibi tí etí iwájú rẹ̀ yóò ti jìnnà sí imú ní sẹ̀ǹtímítà 11, kí etí iwájú náà sì ga ju etí ẹ̀yìn lọ ní mìlímítà kan tàbí díẹ̀ sí i, bí a ti gbé abẹ̀bẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan. Kí a wò ó láti iwájú, kí a wò ó láti ẹ̀yìn, kí a rí i pé ìrù kò ṣẹ́ kọrọ, nítorí pé igi gànganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Kí a fi rọ́bà bàtà sílípáàsì tí ó ti gbó bo imú rẹ̀, kí ó má ba à fọ́ ojú ọmọ ẹlòmíràn. Kí a wá fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí gọ́ọ̀mù lè gan. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Nísinsìnyí ni ọ̀rọ̀ ìka méjì dé. Kí a wọn sẹ̀ǹtímítà 2 àti díẹ̀ láti etí iwájú apá sẹ́yìn, èyíinì ni nǹkan bí ìdá mẹ́ta ìbú apá, kí a fi pẹ́ńsù sàmì síbẹ̀ lábẹ́ apá ọ̀tún àti ti òsì, kí a sì gbé gbogbo ọkọ̀ náà lé orí ìka méjì ní ojú àmì yẹn. Ìrù rẹ̀ yóò já wálẹ̀. Kò sí èyí tí kì í já. Kí a wá máa lẹ amọ̀ mọ́ imú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi dúró ní ìbú gbalaja, tí imú rẹ̀ rọ̀ ní bíńtín péré. Bí a bá ti mọ ìwọ̀n amọ̀ náà, a lè fi nọ́ọ̀tì tàbí ègé irin tí ó wọn bákan náà pààrọ̀ rẹ̀, kí a lu ihò sí imú, kí a tì í wọ inú rẹ̀, kí a sì fi èèkàn igi dí i pa. Bí apá bá ń dá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, sáńpépà ni oògùn rẹ̀, kì í ṣe amọ̀: kí a fá èyí tí ó wúwo, kí a má ṣe di ẹrù lé èyí tí ó fúyẹ́.

Àárọ̀ kùtùkùtù tàbí ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ewé igi kò mì, ni kí a gbé e lọ sí pápá ilé-ìwé. Kì í ṣe etí títì, kì í sì í ṣe ẹ̀bá òkè. Ní ọ̀sán gangan, oòrùn a máa mú àpáta bíi Olósùnta gbóná, àpáta a mú afẹ́fẹ́ tí ó fara kàn án gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná a sì máa gòkè. Èyí ni àwòdì fi ń yí po lókè níbẹ̀ láìju apá, títí yóò fi kéré lójú ẹni. Àwòdì mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Ọkọ̀ wa kò mọ̀ ọ́n, ìjì kékeré tí ó ń yí láàrin àwọn òkúta yóò gbá a lulẹ̀.

Kí ọmọ di ara rẹ̀ mú lábẹ́ apá, kí ó gbé e dé ọ̀gangan èjìká, kí ó sì tì í síwájú ní ìbú, kí imú rẹ̀ kọjú díẹ̀ sí ilẹ̀. Gbogbo ọmọ ni ó máa ń fẹ́ jù ú sókè bí òkò ní àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kí ó rí i, kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Bí ọkọ̀ náà bá gbé imú sókè, tí ó dúró bí ẹni tí ó gbàgbé nǹkan, tí ó sì já ṣòòrò, ìrù rẹ̀ ni ó wúwo jù: kí a fi amọ̀ díẹ̀ kún imú. Bí ó bá kan imú mọ́lẹ̀ kíákíá, kí a yọ díẹ̀ níbẹ̀, tàbí kí a fi èémí ẹnu mú etí ẹ̀yìn ìrù rọ̀, kí a sì tẹ̀ ẹ́ sókè bí ìbú èékánná. Bí ó bá ń yà sí òsì nígbà gbogbo, kí a yí etí ẹ̀yìn ìrù òòró sí ọ̀tún díẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kí a máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí a jù ú, kí a sì wò ó, nítorí pé ẹni tí ó bá yí mẹ́ta pọ̀ kò ní í mọ èyí tí ó ṣiṣẹ́. Ọmọ tí ó bá ti ṣe èyí ní ìrọ̀lẹ́ kan ti ń ṣe ohun tí Wilbur àti Orville ṣe, ìwé kankan kò sì tíì sọ fún un pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni.

Apá yóò dá lọ́jọ́ kan, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Lójú ìlà ara igi ni arère máa ń là, nítorí náà ojú ibi tí ó là máa ń bára mu. Kí a fi gọ́ọ̀mù sí i, kí a so ó pọ̀ mọ́ra pẹ̀lú òwú, kí a fi sílẹ̀ di òwúrọ̀, kí a sì fá gọ́ọ̀mù tí ó yọ síta dànù. Gọ́ọ̀mù náà ní ìwọ̀n tirẹ̀, nítorí náà kí ọmọ tó gbé e jáde padà, kí ó tún gbé e lé orí ìka méjì, kí ó sì wò ó bóyá amọ̀ imú ṣì tó.